Orí Mi Ni Wọ́n Fi Búra

Wọn kò bi mí kí wọ́n tó fi orí mi búra. Mo wà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Bẹẹrẹ lọ́jọ́ náà, mò ń rán yunifọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ iléèwé tó fẹ́ wọlé. Mi ò mọ̀ pé ní ilé ọkọ mi ní Bẹ́yẹrúnká, wọ́n ti pe ọmọ mi obìnrin sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ní kó fọwọ́ lé Kùránì, kó sì sọ pé bí òun bá tún fi abẹ ya ara òun, kí ìyá òun má rí òpin ọdún. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Ó sọ ọ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ ṣe àmín, wọ́n gbọn aṣọ wọn nù, oníkálukú sì wá ọ̀nà oúnjẹ alẹ́ rẹ̀ lọ. Èmi ni wọ́n ṣe àmín sí o, èmi tí mo ti ń dáná fún wọn láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yẹn.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló darí gbogbo rẹ̀. Òun ni olórí ilé wa, Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Kì í ṣe àáfà. Àwọn súrà kéékèèké tí ọmọ ilé kéwú mọ̀ náà ló mọ̀, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú agbo ilé tiwa, bí nǹkan bá sọnù, tàbí bí ìyàwó ilé méjì bá ń fẹ̀sùn kan ara wọn, Kùránì ni wọ́n máa ń gbé jáde, wọ́n á ní kí gbogbo èèyàn fọwọ́ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò ní sọ pé kì í ṣiṣẹ́. Mo ti rí ẹni tó jí fóònù tó sáré lọ gbé e padà kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi rò pé ohun tó ń mú olè jẹ́wọ́ ló máa wo ọmọ mi sàn.

Mo sì ti sọ fún wọn pé àìsàn ni. Mo sọ ọ́, mo sọ ọ́, ó sú mi. Dókítà obìnrin kan ló kọ́kọ́ là á yé mi. Ó pè é ní bọ́dáláìnì. Orúkọ náà gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ibi tí mo rí gbá mú nínú rẹ̀ nìyẹn. Ó ní kì í ṣe wèrè, kì í ṣe ìwàkiwà, kì í ṣe èpè. Ó ní ohun tó ń dun ọmọ ẹlòmíì díẹ̀, bí iná ló ṣe ń jó tèmi. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù láyé ni kí wọ́n fi í sílẹ̀, ẹ̀rù yẹn náà ló sì ń mú un lé èèyàn dànù kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Bó bá ń ya ara rẹ̀, kì í ṣe pé ó fẹ́ fi kó wa láyà jẹ. Ariwo tó wà nínú rẹ̀ ló fẹ́ pa lẹ́nu mọ́. Dókítà ní ọ̀rọ̀ sísọ ló máa wò ó jù, kí a máa gbé e wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pé ọ̀pọ̀ irú wọn ló ń sàn bí wọ́n ṣe ń dàgbà, pé kí n ṣáà ní sùúrù. Nígbà tó kan sùúrù, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde kí n máa lọ. Ẹni tí kò bá ọmọ mi gbé, sùúrù ló máa ń rí sọ.

Kí n má parọ́, àwọn ọjọ́ kan wà tí mi ò fẹ́ràn ọmọ náà rárá. Láàárọ̀, á ní kò sí ìyá bíi tèmi láyé, á rọ̀ mọ́ mi lọ́rùn débi pé mi ò ní lè mí dáadáa. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, nítorí pé mo bá oníbàárà rẹ́rìn-ín nígbà tí òun ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́, á kígbe sí etí gbogbo ilé pé èmi ni mo ba ayé òun jẹ́, pé ó sàn kí n má bí òun. Ó ti la fóònù mi mọ́lẹ̀. Ó ti da epo pupa sórí léèsì oníléèsì, èmi ni mo sì lọ kúnlẹ̀ bẹ ẹni tó ni ín. Lẹ́yìn náà, á wá sunkún títí èébì á fi gbé e, èmi tó bú tán náà ni mà á sì nu ẹnu rẹ̀. Mà á máa nù ún, inú á máa bí mi.

Abẹ ni àwa téélọ̀ fi ń tú aṣọ tí a bá rán kọ́lọkọ̀lọ. Ó máa ń wà káàkiri lórí tábìlì mi, nínú ike bọ́tìnnì, lábẹ́ màṣíìnì. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí egbò lápá ọmọ mi ni mo ṣà wọ́n jọ tí mo dà wọ́n sínú ṣáláńgá. Títí dòní, ẹnu abẹ́rẹ́ ni mo fi ń tú aṣọ. Iṣẹ́ tí kò yẹ kó gba àkókò á gba gbogbo ọ̀sán, àwọn oníbàárà á máa kùn, mà á sì máa wò wọ́n.

Ní agbo ilé wa, àwọn kan ní èmèrè ni. Àwọn kan ní àlùjọ̀nnú ló ń bá a jà. Ọ̀kan nínú àwọn ìyálé ilé, tó jẹ́ pé ọmọkùnrin tiẹ̀ ń fa igbó ní ẹ̀yìnkùlé, ní kí n tètè wá ọkọ fún un, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ wá ìyàwó fún ọmọ tiwọn, ká wo bí ọkàn igbó náà ṣe máa balẹ̀. Ìyẹn dá ìjà sílẹ̀. Mo gbádùn ìjà náà.

Ọkọ mi ń wa tírélà lọ sí òkè Ọya, kì í pẹ́ nílé kó tó tún gbéra. Nígbà tí mo fi fóònù ròyìn ìbúra náà fún un, ohun tó sọ ni pé Bàbá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Mo pa fóònù náà mọ́ ọn létí.

Ta ló sì ròyìn rẹ̀ fún mi? Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni. Ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ojú rẹ̀ ń dán, inú rẹ̀ ń dùn, ó gba báàgì lọ́wọ́ mi.

"Mọ́mì, mi ò ní ṣe é mọ́ láéláé. Mo ti fi orí yín búra."

Mo lọ bá Bàbá lọ́gán. Mo kúnlẹ̀ bó ṣe yẹ kí ìyàwó ilé kúnlẹ̀, mo ní ọ̀rọ̀ náà kò tẹ́ mi lọ́rùn, pé dókítà sọ pé ìdẹ́rùbà kò dáa fún un. Bàbá ní dókítà kò bí ọmọ sí ilé àwọn. Ó ní bí ọmọ kò bá bẹ̀rù fún ara rẹ̀, á bẹ̀rù fún ìyá rẹ̀, pé kí n lọ fọkàn balẹ̀. Àwọn tó jókòó tì í ní òótọ́ ni. Mo dìde, mo nu orúnkún mi.

Fún ìgbà díẹ̀, ó dà bíi pé wọ́n jàre. Ọmọ náà dákẹ́, ó ń fọ abọ́, ó ń kírun lásìkò. Wọ́n ń kí ara wọn kú oríire káàkiri àgbàlá, ìyálé tí mo bá jà sì ń fi ẹ̀gbẹ́ ojú wò mí bí ẹni tó gba ife-ẹ̀yẹ. Èmi nìkan ni mo mọ̀ pé kò sùn dáadáa.

Ìgbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé mi. Bó bá ti ti iléèwé dé, ṣọ́ọ̀bù ló ń bọ̀ tààrà, á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ màṣíìnì, á tẹjú mọ́ àyà mi. Bí mo bá lọ sí ilé ìyàgbẹ́, ó wà lẹ́nu ọ̀nà. Bí a bá fẹ́ sọdá títì ní Bẹẹrẹ, òun ló máa kọ́kọ́ bọ́ síwájú ọkọ̀, á na ọwọ́ sẹ́yìn dá mi dúró. Ó ń tọ́ oúnjẹ mi wò kí n tó jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ kan, mo lọ ra aṣọ ní Òjé, mi ò gbọ́ ìró fóònù mi nínú ariwo ọjà. Nígbà tí mo fi máa padà, ó ti wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń ké, ó ní àwọn ọmọṣẹ́ mi mọ ibi tí òkú mi wà, wọn kò fẹ́ sọ. Ojú títì ni o, gbangba, àwọn èèyàn dúró ń wòran. Bó ṣe rí mi, ó dìde, ó gbá mi létí.

Mi ò gbá a padà. Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo ní kó ṣí híjáàbù rẹ̀ sókè. Egbò tuntun wà lábẹ́ rẹ̀.

"Mo ti ṣe é, Mọ́mì," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ṣe é. Mo ti pa yín."

Nígbà náà ló yé mi pé ó ti ń bá òkú rìn káàkiri láti ọjọ́ wọ̀nyí. Ó ń dúró de ọjọ́ tí mà á ṣubú. Dókítà gbìyànjú. Ó bá a sọ̀rọ̀, ó ṣàlàyé, kò wọ̀ ọ́ létí. Mo mú un lọ bá àáfà kan ní mọ́ṣáláṣí tó wà lójú ọ̀nà Mápó. Àáfà náà bínú ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ní ẹnikẹ́ni kò lè fi ẹ̀mí ẹlòmíì dógò lọ́dọ̀ Ọlọ́run, pé ìbúra náà kò mú ẹnì kankan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní kó tọrọ àforíjì, kí a fún àwọn aláìní ní oúnjẹ, kó sì lọ sinmi. A se ìrẹsì, ọmọ mi fúnra rẹ̀ ló bù ú fún wọn, ó fara balẹ̀ mú ẹran tó tóbi fún oníkálukú. Mo ti ń dúpẹ́ nínú. Nígbà tí a ń padà sílé, ó ní àáfà yẹn kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ ìbúra. Bàbá ló gba ìbúra lọ́wọ́ òun, Bàbá nìkan ló lè tú u.

Láti ìgbà náà, mi ò ní ẹ̀tọ́ láti ṣàìsàn. Bí mo bá wúkọ́, ojú rẹ̀ á yí padà. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn mí nídìí màṣíìnì, mà á dìde bí ọmọge, mà á rẹ́rìn-ín. Mo ń gbé oògùn ara ríro pamọ́ bí ẹni tó jí i. Mo sì kórìíra gbogbo àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà, mò ń bá wọn kíra láàárọ̀, mò ń bi wọ́n bí wọ́n ṣe jí, mo sì kórìíra wọn délẹ̀délẹ̀.

Ibà ni ó mú mi, ibà lásán tó ń mú gbogbo ayé lásìkò òjò. Mo fi ara dà á lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì, ife tíì já bọ́ lọ́wọ́ mi, eyín mi ń gbá ara wọn, mi ò lè fi pamọ́ mọ́. Ọmọ náà wò mí. Kò kígbe, kò sunkún. Ó wọ sálúbàtà, ó jáde.

Ọ̀dọ̀ Bàbá ló lọ. Ó lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó yí ìbúra náà padà, kó kúrò lórí mi, kó bọ́ sórí òun. Nígbà tó dé, ó jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn mi, ó sọ ohun tí Bàbá fi dá a lóhùn. Bàbá ní ohun tí èèyàn bá fi Kùránì sọ, a kì í yí i padà, pé òun ti kìlọ̀ fún un, pé kó máa gbàdúrà fún ìyá rẹ̀. Ọmọ mi wá ní òun ti ro ó. Bí òun bá kọ́kọ́ kú, bóyá Ọlọ́run á fi mí sílẹ̀. Bí ẹni tó ń sọ iye tí wọ́n ń ta tòmátì ló ṣe sọ ọ́.

Mo pe dókítà. Ó ní kí n má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, kí n gbé e wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí n má ṣe jáfara. Mo pe àgbà nínú àwọn ọmọṣẹ́ mi, obìnrin tó ti lọ́mọ, mo ní kó jókòó tì í, kó má ṣípò. Mo so ìró mọ́dìí, mo bọ́ sí àgbàlá. Ilẹ̀ ń yí mi. Mo gba àárín àwọn tó ń fọṣọ kọjá.

Bàbá wà ní pálọ̀ rẹ̀, òun àti àwọn àgbààgbà ilé méjì tó máa ń jókòó tì í. Mi ò kúnlẹ̀. Mo jókòó sórí àga tó dojú kọ ọ́, nítorí pé ẹsẹ̀ mi kò gbà mí mọ́, àti nítorí pé ó wù mí bẹ́ẹ̀.

"Bàbá, ta ló yọ̀ǹda orí mi fún yín?"

Ó bi mí bóyá òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní òun ni. Ọ̀kan nínú àwọn àgbààgbà náà ní ibà ló ń ṣe mí, kí wọ́n má dá mi lóhùn. Bàbá ní àtìgbà tí wọ́n ti tẹ ilé yẹn dó, orí ìyá ni ọmọ fi ń búra, pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi tí ọmọ mi kò fọwọ́ ara rẹ̀ fà. Mo ní kó tẹ̀ lé mi, kó lọ sọ fún ọmọ náà lójú mi pé ìbúra ti tú. Ó ní òun kì í tutọ́ sílẹ̀ kí òun tún kó o lá. Ó na ọwọ́ mú tẹ̀sùbáà rẹ̀, bí ẹni pé mo ti jáde.

Kùránì náà wà lórí pẹpẹ, nínú aṣọ funfun tí wọ́n fi ń dì í. Mo dìde, mo gbé e. Mi ò tíì ṣe àlùwàlá, Ọlọ́run mọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún mi lé e lórí.

"Ó dáa. Èmi náà fẹ́ búra. Bí ọmọ mi bá tún ya ara rẹ̀, bó jẹ́ lónìí, bó jẹ́ lọ́la, orí yín ni mo fẹ́ fi búra, Bàbá, kí ẹ̀yin náà má…"

Kò jẹ́ kí n parí rẹ̀. Ó ti dìde, tẹ̀sùbáà já bọ́, ó gbá Kùránì náà mọ́ra kúrò lọ́wọ́ mi. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Ìgbà náà ni mo rí i pé ó gbà á gbọ́. Láti ọjọ́ yìí, mo ti ń rò pé ó kàn fi ń dẹ́rù ba ọmọdé ni, pé nínú ikùn rẹ̀, ó mọ̀ pé kò sí ohun tó máa ṣe mí. Rárá o. Ó gbà á gbọ́ délẹ̀délẹ̀, ó sì fi mí sílẹ̀ kí n máa kú lọ. Mo wò ó, mi ò tíì rí ẹni tó rí mi lára tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Ó tẹ̀ lé mi. Kò bẹ̀ mí, kò wo ojú mi, ó ń pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń kọjá lágbàlá, kí àwọn afọṣọ lè gbọ́. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá, kò wọlé. Ó ní òun ti tú ìbúra náà, pé kò sí nǹkan kan lórí ìyá rẹ̀ mọ́, pé ibà lásán ni. Ó sọ ọ́ kíákíá bí ẹni tó ń san gbèsè tí kò jẹ. Ọmọ mi wò ó láti òkè délẹ̀. Bàbá yí padà, ó lọ. Mo ní kí ọmọṣẹ́ mi dúró díẹ̀ sí ìta.

Ó ku àwa méjèèjì. Mo jókòó sórí ibùsùn mi.

"Ṣé ẹ ò wá ní kú mọ́?" ó bi mí.

Mo mọ ohun tó yẹ kí ìyá sọ. Mo ti sọ ọ́ fún un láìmọye ìgbà, kò gbà á gbọ́ rí. Ó ti rẹ̀ mí, orí ń fọ́ mi, inú ṣì ń bí mi sí gbogbo wọn, àti sí òun náà.

"Mà á kú," mo ní. "Lọ́jọ́ tó bá wu Ọlọ́run. Kò kàn ẹ́. Ikú mi kì í ṣe tìẹ, jọ̀ọ́, fi ikú mi sílẹ̀ fún mi."

Ojú rẹ̀ wá pọ́n. Ó ní irú ìyá wo ni mí gan-an, pé ìyá tó ní àánú lójú kò lè sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn fún ọmọ rẹ̀, pé ìkà ni mí, pé òun máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ìkà ni mí. Ó fa ṣájà fóònù rẹ̀ yọ lára ògiri, ó jáde, ó la ilẹ̀kùn mọ́ mi débi pé sìmẹ́ńtì já bọ́ láti ara ògiri.

Mo fetí sí ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, mò ń dúró kó dá dúró, kó padà wá wò mí bóyá mo ṣì ń mí. Kò padà wá. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ní àgbàlá, ó ń bá ọmọṣẹ́ mi fa ọ̀rọ̀ lórí ibi tó ti lè ṣájì fóònù rẹ̀, ohùn rẹ̀ le, ó ń bínú gidi, ó sì gbàgbé mi pátápátá. Mo fa aṣọ bora, mo káwọ́ mọ́ àyà, mo sì jẹ́ kí ibà náà gbọ̀n mí bó ṣe fẹ́.